Ẹni Tó Pa Àwòrán Màmá Wa Rẹ́

                                        Ṣọ́ọ̀bù Fọ́tò,
                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn báyìí? Ní tèmi, ara mi le. Inú mi ló ń ru.

Mo mọ̀ pé ẹ ti pè mí títí lórí àwòrán Màmá wa, tí mo ń sọ pé mo ti fẹ́ fi í ránṣẹ́. Irọ́ ni mo ń pa. Ojú ló ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹ rántí kọ̀ǹpútà tí mo rà ní ọdún tó kọjá, èyí tí mo kó gbogbo fọ́tò tí mo ti yà láti ọdún mọ́kànlá sí. Ní oṣù kejì, fáànù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo gbé e sọdá títì lọ bá ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀bù mi. Fọkànbalẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí èèyàn gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní sọ pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀." Ọjọ́ mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà mi lò lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbà á, ariwo ti lọ. Mo dúpẹ́ títí, mo tún bá a ya ọmọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo ra díráìfù, àpótí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n lè da gbogbo fọ́tò mi kọ síbẹ̀, kí n má bàa kábàámọ̀ lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Tí mo bá ń ṣe pásípọ́ọ̀tù lásán, kọ̀ǹpútà náà á ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ní kó máa kó fọ́tò lọ sínú díráìfù, tó bá ṣe bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú rẹ̀ á di búlúù, á kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ kan tí kò yé mi, á sì kú. Mo pààrọ̀ wáyà, ó kú. Mo ki wáyà bọ ihò mìíràn, ó kú. Mo gbé fáànù tí mo fi ń fẹ́ oníbàárà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bóyá ooru ló ń mú un. Ó kú nínú atẹ́gùn tútù.

Mo pe Fọkànbalẹ̀. Ó dé, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní àwòrán àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní ká pa àwọn tó ti wọ díráìfù rẹ́. Fódà tí mo kó àwòrán Màmá sí wà lára wọn, ọ̀ọ́dúnrún àwòrán ó lé, tí mo yà ní ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n máa ń wá jókòó tì mí ní ọ̀sán. Mo ní ká kọ́kọ́ ṣí i wò, bóyá gbogbo rẹ̀ pé.

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Fọ́tò, ṣebí orúkọ rẹ̀ nìyí nínú díráìfù? Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ó pa á rẹ́, ó tún gbọn ibi tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n pa rẹ́ sí dànù. Nígbà tó lọ tán, mo ṣí ti inú díráìfù. Orúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò sí ẹyọ àwòrán kan tó ṣí. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní kọ̀ǹpútà ló gbà mí. Fọ́tò ló wá yà, ó rí ojú mi, ó béèrè, mo sì rò fún un. Òun kò ní kí n fọkàn balẹ̀ o. Ó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Ó so díráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, díráìfù ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó dá a padà mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, ó ń kó àwòrán ní mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n ń lọ. Ó kó wọn pọ̀, kọ̀ǹpútà kú. Ó ní, "Àwòrán ò ṣẹ̀, díráìfù ò ṣẹ̀. Nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tí kò lè gbẹ́rù." Ó bá tú u.

Mẹ́mórì méjì ló wà níbẹ̀, pátákó tín-ín-rín tí kọ̀ǹpútà ń fi rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ewé, ìkejì jẹ́ búlúù. Ó yọ búlúù, ó ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo fọ́tò. Wákàtí méjì gbáko, kò kú. Ó fi búlúù nìkan sí i, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi kú. Ó wá bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tà á fún mi. Lọ́jọ́ tí mo rà á, ẹni tó tà á ṣí inú rẹ̀ hàn mí, èmi tí ọwọ́ mi kì í sinmi sì yà á. Mo wá fọ́tò náà jáde. Àwọ̀ ewé ni méjèèjì.

Tíṣà fi ọjọ́ méjì wá àwòrán Màmá. Mẹ́rin péré ló rí yọ. Àwọn yòókù, ìdajì ojú, ìdajì òkùnkùn. Mẹ́rin náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Mo lọ bá Fọkànbalẹ̀ pé ó ti pààrọ̀ mẹ́mórì mi kan. Ó ní bóyá mo ti gbàgbé bó ṣe rí ni. Mi ò bá a jiyàn. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ya inú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà báyìí, mo tẹ tuntun àti ti àtijọ́ jáde, wọ́n ga tó ilẹ̀kùn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ fèrèsé mi tó dojú kọ ọ́. Mo kọ "KÍ N TÓ GBÉ E FÚN UN" sábẹ́ ọ̀kan, mo kọ "NÍGBÀ TÓ DÁ A PADÀ" sábẹ́ ìkejì. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn èèyàn ti ń gbé kọ̀ǹpútà wọn wá kí Tíṣà bá wọn tú u wò. Ó rí irú rẹ̀ nínú mẹ́ta. Ó di pé eṣinṣin nìkan ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn. Ó fi mẹ́mórì mi ránṣẹ́, mo gbà á, mi ò yọ fọ́tò. Ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀, mo fà á dìde, mo fún un lómi, mo béèrè ọmọ. Mi ò yọ fọ́tò.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ wọlé. Ó ń wá iṣẹ́ síbì kan, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń ya fọ́tò nítòsí. Mo ní kó jókòó. Mo tan iná. Mo ní kó gbé àgbọ̀n sókè. Ó gbé e, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀.

"Mi ò ní yà á tí ẹ ò bá wojú mi."

Oníbàárà méjì wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò wá. Mo jẹ́ kó pẹ́. Òógùn bò ó lábẹ́ iná. Nígbà tó yá, ó wò mí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Mi ò mọ̀ pé Màmá yín ló wà níbẹ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti tẹ kámẹ́rà.

Mo tún ya òmíràn, èyí tó dára, mo gé e, mo kó o fún un. Àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n fi jì í. Mo ti gbìyànjú. Tí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kí n tó fẹnu kan omi, mo máa ń mú un jáde wò. Kò tíì sú mi.

Ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì fẹnu ko gbogbo àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Tí ẹ bá fẹ́ pè mí lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, ẹ má pè. Ẹ pè mí lórí ti Màmá, ká jọ sunkún.

                                        Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
                                        Kékeré.