Eré Àìtán ní Yàrá Ẹ̀rọ

                                        Àjà kejì, ilé onílẹ̀kùn pupa,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Eléyinjú-ẹgẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń bá aládùúgbò yín jà lórí igi tó wó lu ọgbà? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? Bá mi kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan o, má kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kí o ní "ó kí gbogbo yín" bí o ti máa ń ṣe. Ní tèmi, mo wà. Mo rí ibi tí o ti bú mi nínú lẹ́tà rẹ, tí o ní kí n yé sọ pé ayé ti sú mi. Mo ti gbọ́. Ó ṣì ń sú mi, ṣùgbọ́n mo ti yé sọ ọ́.

O béèrè bí mo ṣe ń lo ọ̀sẹ̀ mi. Ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwa tí kíndìnrín wa ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wákàtí mẹ́rin gbáko ni. Àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo wà lẹ́bàá fèrèsé, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe irun, tí a ń pè ní Onídìrí, wà láàárín, bàbá kan tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí a ń pè ní Awakọ̀, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni gbogbo wa ní. Nọ́ọ̀sì ló di rìmóòtù mú, òfin rẹ̀ sì ni pé ìbò ni a ó fi yan ohun tí a ó wò, nítorí àwọn méjì kan jà lórí rẹ̀ rí títí ẹ̀rọ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Eré àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀ ni à ń wò. Má rẹ́rìn-ín. Oríṣi méjì ni nọ́ọ̀sì ní. Èmi ló sọ èkíní ní àṣeparí. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sí ayé kan tí àwọn ará ibẹ̀ ní ojú mẹ́ta, wàhálà á bẹ́, ọ̀gá ọkọ̀ á ronú, wàhálà á tán, wọ́n á sì máa lọ. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, kò sẹ́ni tó rántí. Ẹni tó ṣẹ́ lápá lọ́jọ́ Ajé ti ń gbé àpótí ní Ọjọ́rú. Èkejì ni mo pè ní àìtán. Obìnrin kan ló ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ ni eré máa ń parí, tí wọ́n á ní ká padà wá.

Àìtán ni Onídìrí fẹ́. Ó ní èèyàn tó jìyà lónìí tí kò rántí lọ́la, ṣé èèyàn nìyẹn? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n n kò sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ìwọ mọ̀ mí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi jẹ́ akọ̀wé kóòtù, tí mo ń kọ "a sún ẹjọ́ síwájú" títí ìka mi fi tẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà tí mo bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Olùpẹ̀jọ́ kú, ọmọ rẹ̀ gbà á, mo fẹ̀yìn tì, mo fi ẹjọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé kí n wá gòkè lọ sáàárín ìràwọ̀ kí n tún bá ìsúnsíwájú lọ́hùn-ún? Ká má rí i. Awakọ̀ dìbò pẹ̀lú mi, a sì fi méjì lu ẹyọ kan.

Nínú oṣù kẹjọ, Awakọ̀ pa ọjọ́ Ẹtì jẹ, ó sì tún pa ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e jẹ. Nígbà tó dé ní Ọjọ́rú, ojú rẹ̀ ti wú, bàtà ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀, sálúbàtà ọmọ rẹ̀ ló wọ̀. Nọ́ọ̀sì bá a wí títí ohùn fi há a. Bó ti jáde ni Awakọ̀ kọjú sí mi.

"Mọ́mì Akọ̀wé, ẹ jẹ́ n má purọ́ fún yín, ó ti rẹ̀ mí. Ṣé ẹ rí eré tó ń parí yẹn? Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé èèyàn lè dìde nídìí ẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan tí mo máa já sọ́nà."

Ẹ̀rù bà mí, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá dìde kúrò lórí àga wọ̀nyẹn, tí kò padà wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, a kì í béèrè rẹ̀ mọ́. Wọ́n á kàn pààrọ̀ aṣọ àga náà. Ojú ló ń rójú ṣàánú. Láti ìgbà tí mo ti ń rí bàbá yìí ní gbogbo ọjọ́ ìfọ̀ẹ̀jẹ̀, mo ti mọ ikọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ikọ́ ẹlòmíràn.

Ni mo bá yí ìbò padà. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kéde pé ọ̀rọ̀ ìyá tó ń wá ọmọ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn, àìtán ni mo fẹ́. Onídìrí la ẹnu sílẹ̀. Mo tún fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bẹ̀ ẹ́ kó máa pẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré náà, kí àkókò yíyọ abẹ́rẹ́ lè bá a nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní kò sí nínú iṣẹ́ òun. Mo ní mo mọ̀. Ó ṣe é. Báyìí ni mo fi ọwọ́ ara mi sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Mo ṣe àṣejù díẹ̀. Èmi tí n kì í gbóhùn sókè ní kóòtù, mo ń pariwo "yéè, ilẹ̀kùn!" Mo ń bi Awakọ̀ léèrè nígbà gbogbo pé ta ló rò pé ó ti ilẹ̀kùn pa, ta ló purọ́ fún ìyá yẹn, ṣé ọmọ náà tiẹ̀ wà láàyè. Ó ń dá mi lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń dé ṣáájú mi. Kò pa ọjọ́ kan jẹ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì padà sínú bàtà. Ìwọ náà mọ bí mo ṣe ń yangàn bí nǹkan bá bọ́ sí i fún mi. Mo ní wọ́n fi mí ṣòfò ní ìdí àkọsílẹ̀, agbẹjọ́rò ló yẹ kí n jẹ́.

Àná ni ọ̀wọ́ eré náà parí. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn, ó bá ọmọ rẹ̀, ọmọ ti dàgbà ju ìyá lọ, nítorí pé ọdún ń sáré ju ti ìyá lọ níbi tó wà, ó sì bi í pé, "Ta lẹ̀ ń wá?" Ó tán! Ìyókù di oṣù mẹ́wàá sí i. Mo bú àwọn tó ṣe é láti orí dé àtàǹpàkò. Awakọ̀ nìkan ló jókòó tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo bi í pé ṣé kò dùn ún ni.

"Ọmọ-ọmọ mi ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́," ló wí. "Títí dórí ọmọ tó ju ìyá ẹ̀ lọ."

"Kí ló wá ń gbé yín wá?"

"Ẹ̀yin ni. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá mi wí, mo rí ìwé tó yọrí nínú báàgì yín, ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tí kò fẹ́ wá mọ́ pé kó fọwọ́ sí. Nígbà tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ilẹ̀kùn, mo ní ọpẹ́ ò, nǹkan ti di mọ́mì mú. Bí mi ò bá wá, ta lẹ máa bi ní ìbéèrè? Onídìrí kì í pẹ́ sùn."

N kò sọ fún ọ pé mo gba ìwé náà. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé mo kàn fẹ́ kà á, pé akọ̀wé fẹ́ràn ìwé. Irọ́ ni. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ mi fi ké tí nọ́ọ̀sì sáré wọlé, lẹ́yìn náà ni mo sunkún, ojú sì tì mí, inú mi sì dùn. A ti dìbò fún ti ọjọ́ Ajé. Àìtán mìíràn ni, ọ̀wọ́ méje ló ní, a sì ti kìlọ̀ fún ọmọ-ọmọ Awakọ̀ pé kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Bó o bá ń bọ̀ wá kí mi, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú tàbí ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ fún mi, kí o sì sọ fún un pé mo ṣì ń retí ìwé ìránṣọ tó yá.

Má bínú sí ìwé tí mo fi kọ ojú ewé ìkẹyìn yìí. Bó o bá yí i padà, wàá rí i pé wọ́n ti tẹ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fa ìlà sísàlẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí i. Má ké. Òfìfo ni ìlà náà. Ojú ibí yìí ni mo fọwọ́ sí.

                                        Èmi ṣì ni tìrẹ,
                                        Akọ̀wé.