Sísọ́ọ̀sì Bọ́ sí Bàbá Rẹ Lọ́wọ́

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń yọ mí lẹ́nu, àmọ́ kì í ṣe tìtorí orúnkún ni mo ṣe mú bírò. Ọkàn mi ló fúyẹ́, mi ò sì lè dá a gbádùn.

Láti ọjọ́ tí ìwọ àti bàbá rẹ ti jà kó o tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ tuntun, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ síra yín ní pálọ̀. Ìwọ ní, "Bàbá, ẹ rò pé Ọlọ́run dá àwọn kan láti jókòó, ó wá dá àwọn yòókù láti máa gbálẹ̀." Òun náà ní, "Ìka ò dọ́gba. Ẹni tó bá lọ ń sin ẹni tó yẹ kó sin òun, ayé ló ń dà rú." Ó ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ẹgbẹ́ yín ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀gá iléèwé. Látìgbà náà, tó o bá ti pè mí lórí fóònù, ṣe ló máa ń dìde lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tó ń wá adìyẹ tí a ò ní.

Bó o ṣe bẹ̀ mí, èmi ni mò ń lọ rọ́pò rẹ lọ́hùn-ún. Ní Sátidé tó kọjá, orúnkún kọ̀, ni bàbá rẹ bá fi mọ́tò gbé mi lọ. Ó ní inú mọ́tò lòun máa dúró sí. Oòrùn ló lé e wọlé, kì í ṣe àánú.

Ta ló rí lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé? Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ tíṣà nígbà tó ṣì wà ní géńdé! Bàbá náà ti rù, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti gùn débi pé ó ń gún un lẹ́ran. Mo fẹ́ mú sísọ́ọ̀sì láti gé e, bàbá rẹ já a gbà. Ó ní, "Ìwọ kẹ̀? Ọ̀gá tèmi ni, èmi ni mo máa tọ́jú wọn." Ló bá ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ bàbá lé itan, ó ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ má bínú sà." Ẹnu yà mí.

Ibi tó ti gbóná rèé. Bó ṣe parí, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì náà na ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bàbá Géètì ni, tó máa ń sáré ṣí géètì iléèwé fún mọ́tò bàbá rẹ láràárọ̀! Bàbá rẹ wò ó, ó wò mí. Mo mọ̀ pé tó bá ju sísọ́ọ̀sì yẹn sílẹ̀, àárín ìwọ àtòun ò ní tún gún mọ́. Ó wá bi í pé, "Ọdún mélòó gan-an lo fi jù mí lọ?" Bàbá Géètì rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti bí ọmọ méjì nígbà tí bàbá rẹ ṣì ń sunkún lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àgbà ni yín nígbà náà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ wá."

Ìgbà yẹn ló tó wò yíká. Kò sẹ́ni tí kò jù ú lọ nínú yàrá náà! Ó gé ti gbogbo wọn, ó ń kùn, èmi ń fi ìborùn nu omi ojú. Nígbà tí à ń padà sílé, ó ní òun ò yí èrò òun padà o, pé ọmọdé ló yẹ kó sin àgbà, ohun tóun sì ṣe nìyẹn. Mo ní òótọ́ ni. Ṣé kí n wá bá a jiyàn ni? Jọ̀ọ́, ìwọ náà má bá a jiyàn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́. Ìwọ náà ò ní wá ẹni tó máa tọ́jú rẹ tì.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Màmá

Àfikún: Mo lọ bu omi mu, kí n tó dé, bàbá rẹ ti ka ìwé yìí, ó sì ti kọ èyí sísàlẹ̀: "Ìyá rẹ ti fi iyọ̀ sí i. Màá tún wà níbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Tó o bá ṣì fẹ́ bá mi jà, wá bá mi níbẹ̀. Má pẹ́ o. Àárò rẹ ń sọ mí."