Bí Jíìpù Rẹ Ṣe Fẹ̀yìn Rìn Gbé Yéjídé Dé Ilé Ọkọ

Móníyà,
Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kọkànlá, 1963.

Olúṣẹ̀yẹ,

Kí n tó kí ọ rárá, owó gíà tí o kó fún mi wà lọ́wọ́ mi, mi ò fọwọ́ kàn án àfi ṣílè mẹ́wàá tí mo fi ra pẹtiróòlù, mọ́tò rẹ náà ló sì mu ún, kì í ṣe èmi. Ti èmi tí ẹ jẹ, ìyẹn garawa epo tí ìyàwó rẹ gbé lọ nígbà Àjíǹde, mo ti fi jì yín nítorí ayọ̀ tí mo wà nínú rẹ̀. Ó parí. A ò jẹ ara wa ní nǹkan kan.

Ó wá ku kíkí. Ṣé ara le? Rónkẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé o ti Òndó bọ̀ ní àlàáfíà, ṣé wọn ò fi iyán pa ọ́ níbẹ̀? Olúwa tó mú ọ lọ tó mú ọ bọ̀ kò ní já ọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà bí jíìpù rẹ ti já wa sílẹ̀. Àmín. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ bí ìbejì, ilé ìdáná ṣì ń jò, bàbá rẹ ń kí ọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Yéjídé àbúrò rẹ ni kí n sọ, nígbà tí iṣẹ́ ìjọba kò jẹ́ kí o wà níbẹ̀. O rántí pé lọ́jọ́ ìtọrọ ni ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àyànkúnlé ti Agbowó, sọ lójú gbogbo èèyàn pé àwọn bẹ̀ wá o, kí a má fi lọ́rì gààrí gbé ìyàwó wá fún àwọn, torí pé àwọn tísà Yunifásítì ni aládùúgbò àwọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń hó. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, jíìpù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò gbé e wá. Bí a bá wá fi lọ́rì gbé ọmọ náà lọ, títí yóò fi hu ewú ni wọn yóò máa pè é ní ìyàwó orí gààrí.

Ìwọ náà gbé jíìpù wá lóòótọ́, ó kọ̀, kò rìn síwájú mọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa, o bọ́ sí bọ́ọ̀sì, o padà sí Bódìjà. Theophilus, mẹkáníìkì tí o rán wá láti Mọ́kọ́lá, wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ló jáde. Ó ní Màmá, gbogbo gíà iwájú ti kú, ti ẹ̀yìn nìkan ló kù, òróró inú rẹ̀ ló gbẹ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo ní ṣé torí òróró la ṣe ń dààmú láti àárọ̀, mo gbé ìgò epo pupa jáde fún un, èyí tí mo fọwọ́ ara mi fún, tí kò ní àdàlù. Ó kọ̀, ó ní ti òyìnbó ló ń mu. Ó lọ wá gíà mìíràn ní Dùgbẹ̀, ó bọ̀ lọ́wọ́ òfo, wọ́n ní láti Èkó ni yóò ti wá, ìgbéyàwó yóò sì ti kọjá.

Mo jókòó ti jíìpù náà, mo rò ó. Gíà mẹ́rin ni wọ́n fún un láti fi lọ síwájú, ọ̀kan péré ni ti ẹ̀yìn, ọ̀kan tí wọn ò kà sí yìí ló sì dúró tì wá. Bí o bá tún fẹ́ ra mọ́tò, ní kí wọ́n fún ọ ní ti ẹ̀yìn méjì. Mo bi Theophilus bóyá èyí tó kù lè gbé wa dé Agbowó. Ó ní Màmá, ẹ̀ ń ṣeré. Mo ní èmi kì í bá ẹni tó dọ̀tí tó báyìí ṣeré. Ó ní ó lè gbé wa dé bí a bá ń rọra, ṣùgbọ́n ọrùn òun ńkọ́? Mo ní òrí ń bẹ nílé.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù ni bí ìyàwó yóò ṣe fẹ̀yìn rìn wọ ilé ọkọ. Gbogbo àdúrà tí a gbà fún Yéjídé ni pé kò ní padà sẹ́yìn, ṣé a ó wá fi mọ́tò bà á jẹ́? Mo ní kí Theophilus tú àga ẹ̀yìn, kí ó yí i padà kí ó kọjú sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Yéjídé ń lọ síwájú nìyẹn, jíìpù ló ń lọ sẹ́yìn, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Bàbá rẹ ní àwọn ò wọ irú rẹ̀, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wa. Wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé mọ́tò ń sáré bọ̀ wá kọlu àwọn tí kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Ní Ọ̀jọ́ọ̀, ọlọ́pàá kan dá wa dúró. Ó yí mọ́tò po, ó ní níbo là ń lọ. Theophilus ní Agbowó. Ó ní ṣé iwájú yín ni Agbowó wà ni àbí ẹ̀yìn yín? Mo ní iwájú ìyàwó ni. Ó wo Yéjídé nínú aṣọ funfun, ó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fa bírò yọ, ó ní ta ló ni mọ́tò. Mo sọ orúkọ rẹ fún un, àti ọ́fíìsì rẹ, àti nọ́ńbà ilé rẹ ní Bódìjà, kí wọ́n má baà wá ọ tì. Bí wọ́n bá pè ọ́, sọ pé ìwọ lo ní kí a ṣe é, èmi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò.

Nígbà tí a dé Agbowó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ń pàtẹ́wọ́ lójú títì. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ kún iwájú ilé wọn, Ìyá Àyànkúnlé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi tí wọn yóò fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Theophilus rọra ń fẹ̀yìn lọ títí ó fi kan àtẹ̀gùn, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, Yéjídé na ẹsẹ̀, ìdí igbá omi gan-an ló balẹ̀ sí, kò tẹ ẹrẹ̀ ẹnì kankan. Ẹnu ya gbogbo wọn. Ìyá Àyànkúnlé wo jíìpù, wọ́n wò mí, wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́ bóyá bí wọ́n ṣe ń mú ìyàwó wá ní Bódìjà báyìí nìyí. Mi ò purọ́. Mo ní Bódìjà ni ọmọ mi tó ni ín ń gbé.

Wàhálà tó wà ńlẹ̀ báyìí ni pé Adùnọlá ọmọ Ìyá Àyànkúnlé ń lọ sílé ọkọ ní Challenge lópin oṣù yìí, wọ́n sì ti ní jíìpù yìí ni yóò gbé e lọ, bí ó ṣe gbé Yéjídé wá gẹ́lẹ́. Mi ò gba owó lọ́wọ́ wọn, àna ni wọ́n, mo kàn ní kí wọ́n ra pẹtiróòlù. Theophilus sì wá láàárọ̀ yìí pé gíà ti dé sí Dùgbẹ̀. Mo ní kí ó jókòó ná. Bí wọ́n bá rí jíìpù yìí tó ń lọ síwájú, wọn yóò mọ̀ pé bíbàjẹ́ ló bàjẹ́, orí Yéjídé ni ẹ̀sín yóò sì já lé nínú ilé yẹn. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì títí oṣù yóò fi parí, kí o sì fi pọ́n-ùn méjì ránṣẹ́ kí n fi ra kọ́tìnì sí ojú fèrèsé ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń wò. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe jù báyìí lọ fún ọ, o ò ní rí ìtìjú àna. Theophilus kò yéé bi mí ohun tí òun yóò ṣe, nítorí náà èmi ìyá rẹ, Oyèbọ́lá, ń retí èsì rẹ ní Ọjọ́bọ̀.