Ọmọ Ìta Inú Àyà Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Karùn-ún, 1995

Wọ́n tún pè mí ní òpùrọ́ lónìí. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ọsibítù kan náà, bẹ́ǹṣì kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Inú ń bí mi débi pé tí wọ́n bá gbé ìkòkò lé mi lórí, ẹ̀wà á jinná kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Bó ṣe lọ nìyí. Ọmọ Ìta jáde ní kíláàsì, nígbà tí tíṣà ń ya máàpù sójú pátákó. Ọmọ Ìta ni mo sọ ọkàn mi, torí kì í gbọ́ràn, kì í dágbére, tó bá ti fẹ́ sáré, ó sáré ni. Àyà mi ń lù kìkìkìkì bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ya wèrè. Ojú mi ṣú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó. Màmá — Ọ̀gá Sítáàṣì nínú ìwé yìí, torí alágbàfọ̀ ni, kò sí aṣọ tí kò lè mú dúró gbagidi bí pákó — kò gbé mi lọ sí ọsibítù. Ilé ló kọ́kọ́ gbé mi lọ. Ó ní ọmọ òun ò ní fi òógùn jókòó síwájú dókítà. Omi kànga, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbáko, láti orí wá. Kànìnkànìn. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ká tó dé ọ̀hún, Ọmọ Ìta ti sùn fọnfọn.

Àǹtí Lydia, nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó ẹ̀rọ tó ń kọ bí ọkàn ṣe ń lù sórí pépà, lẹ wáyà mọ́ mi láyà. Pépà jáde: ìlà tó tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ kíláàsì. Àádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Dókítà Akínọlá wò ó, ó ń tẹ ìdí bírò rẹ̀, ta, ta, ta (Dókítà Bírò ni láti òní lọ), ó wá bi mí bóyá mo ní ìdánwò lọ́sẹ̀ yìí.

Ìdánwò kẹ̀. Tí ìdánwò bá ń mú ọkàn sáré, Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún ì bá ti kú láti ọdún tó wọ Yábà Tẹ́ẹ̀kì.

Àmọ́ nǹkan kan wà ńbẹ̀. Dókítà Bírò ń ṣe ìwádìí pẹ̀lú àwọn dókítà kan lókè òkun. Àwọn tí ọkàn wọn ń sá eré àsápajúdé ni wọ́n ń wá, èèyàn mẹ́jọ péré, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á sì kó wọn lọ síbẹ̀. Wáyà tín-ín-rín kan á gba inú iṣan itan wọlé, á gòkè dé inú ọkàn, á wá ibi tó ń dá wàhálà sílẹ̀, á sì fi iná jó ibẹ̀. Ó ní wọ́n bí àwọn kan pẹ̀lú ọ̀nà àlékún nínú ọkàn, iná ara á wá máa gba ibẹ̀ yípo yípo. Ojú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ ọ yé. Ṣebí bó ṣe rí ní àdúgbò wa náà nìyẹn: ẹnì kan lọ fa wáyà ẹ̀bùrú láti orí òpó Nẹ́pà, gbogbo ilé wá ń ṣẹ́jú. Wọ́n fẹ́ gé wáyà ẹ̀bùrú yẹn ni. Màmá ò rí i bẹ́ẹ̀. Títí a fi délé ló ń bèèrè pé ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń jó ọmọ ọlọ́mọ lọ́kàn.

Òfin wọn: wọ́n gbọ́dọ̀ rí eré náà lórí pépà kó tó di Ẹtì 26. Tí kò bá sí lórí pépà, kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n sì fún mi ní ìwé pélébé kan, kí n máa kọ ọ́ sí i nígbàkígbà tó bá jáde: ọjọ́, aago, ìṣẹ́jú mélòó, kí ni mò ń ṣe. Àǹtí Lydia ní tí mo bá ṣi nǹkan kọ, mi ò gbọdọ̀ pa á rẹ́, mi ò gbọdọ̀ fa ojú ìwé ya. Kí n fa ìlà kan ṣoṣo lé e kí wọ́n ṣì lè kà á, kí n kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Bí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọba.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Ọmọ Ìta jáde nígbà tí mò ń pọnmi. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Màmá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó sùn.

Nínú ìwé ọsibítù mo kọ wákàtí méjì. Ta ló máa fi ọkọ̀ òfúrufú gbé ẹni ìṣẹ́jú mọ́kànlá? Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, ẹni tó fẹ́ ta bàtà ní ọgọ́rùn-ún náírà, igba ló máa kọ́kọ́ pè. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Òótọ́ rẹ̀: ìṣẹ́jú mẹ́fà láàárọ̀, ó dá dúró bí mo ṣe ń bọ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá nírọ̀lẹ́ — Màmá, bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìwé ọsibítù: wákàtí mẹ́rin. Mo fi kún un pé páànù òrùlé ń gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún yọjú sí i láti ẹ̀yìn mi. Ìlọ́po Mẹ́wàá ló máa ń pè mí, láti ìgbà tí mo délé wá sọ pé erè gbé ewúrẹ́ ọ̀gá ilé ìwé wa mì. (Ejò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ewúrẹ́ ni kò sí.) Ó ní, "Ìlọ́po Mẹ́wàá, o ò kúkú kọ ọ́ pé o kú, o sì jí?" Mo ní mò ń fi ìyẹn pamọ́ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Wọ́n ti yọ mí.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Lórí bẹ́ǹṣì, bọ̀dá kan jókòó tì mí, Ambrose lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní Múṣin, ó ti dákú lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo yọjú wo ìwé pélébé tirẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo káàánú rẹ̀, mo ní bọ̀dá yìí ò mọ ọjà tà. Ó wọlé, ó jáde, wọ́n ti mú un.

Ó kàn mí. Dókítà Bírò ṣí ìwé mi, ta, ta, ta. Nígbà tó dé ibi páànù òrùlé, bírò dákẹ́. Ìgbà yẹn lẹ̀rù bà mí.

Ó ní, "Sẹ̀gilọlá, bí ọkàn rẹ bá fi wákàtí mẹ́rin sáré báyìí, ṣé ẹsẹ̀ ara rẹ lo máa fi rìn wọlé wá?" Mo ní ó lè jẹ́ mẹ́ta. Ó ní tí ẹyọ kan bá ti jẹ́ irọ́, òun ò lè lo ìyókù, torí kì í ṣe tèmi nìkan ló máa bàjẹ́, tàwọn méje tó kù náà ni. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé orúkọ mọ́ra, ó fa ìlà kan ṣoṣo lé tèmi, ó sì fọwọ́ sí i.

Mo ṣì lè ka orúkọ mi lábẹ́ ìlà yẹn. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Èmi ni mò ń gbé ọkàn yìí kiri, pépà ni wọ́n gbà gbọ́. Kí wọ́n kúkú gbé pépà lọ sókè òkun, kí wọ́n ti wáyà bọ pépà nítan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí. Ọmọ Ìta náà ò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ní ẹ̀yìnkùlé. Màmá, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sùn.

Mo jókòó, mo ka ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kí n lè tún bínú dáadáa. Mo wá rí nǹkan kan. Ọjọ́ 2, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sùn. Ọjọ́ 5, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sùn. Ọjọ́ 9, mo bọ́jú, ó dúró, ìrọ̀lẹ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì. Òní náà ńkọ́?

Omi ni. Omi tútù ló ń lé e wọlé. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá Sítáàṣì ń wẹ̀ mí kí dókítà má bàa rí ìdọ̀tí, àìsàn gan-an ló ń fọ̀ nù. Ó wẹ ẹ̀rí mi dànù, ó lọ̀ mí, ó wá gbé mi lọ sílé ẹjọ́ láìní ẹlẹ́rìí. Òun náà ló ń ṣẹ́jú sí mi nílé pé ṣé ó dá mi lójú pé mi ò kàn fẹ́ sá fún fífọ aṣọ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Ó jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ò tíì dé. Mo na ọwọ́ sí Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún, mo ní kó kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ mi, ó ń wo aago rẹ̀. Ẹ̀rín náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ò lè kà á, ó ń sáré ju ẹnu òun lọ. Mo wá ki ojú bọ inú abọ́ omi tútù níwájú rẹ̀, mo kà dé ogún. Ó dúró. Ìṣẹ́jú méje lápapọ̀, aago tirẹ̀.

Kò pè mí ní Ìlọ́po Mẹ́wàá títí ilẹ̀ fi ṣú.

A sọ fún Màmá. Ó ní tí omi bá ń lé e lọ, ṣé kì í ṣe ọpẹ́ ló yẹ ká dá, kí ni mò ń bá omi jà fún. Mo ní wọ́n gbọ́dọ̀ rí i kí wọ́n tó lè gé e. Ó ní ọmọ alágbàfọ̀ tó lọ sọ́sibítù pẹ̀lú ìdọ̀tí, ṣé oníbàárà kankan á tún gbé aṣọ wá fóun. Ògiri lèèyàn ń bá jà báyìí, ògiri tí wọ́n fi sítáàṣì kùn.

Ọjọ́bọ̀, 25

Màá kọ gbogbo rẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ mi wà nínú sítáàṣì dé ìgúnpá. Ọmọ Ìta jáde. Màmá ti ń nawọ́ sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó la ẹnu. Mo di igi tábìlì mú, mo ní, "Màmá, tí ẹ bá da omi yẹn sí mi lára, wọ́n á tún pè mí lópùrọ́, ẹ̀yin lẹ sì máa mú mi lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè pè mí bẹ́ẹ̀."

Ó dúró. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún gbà á, ó da omi náà sí gọ́tà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ẹni tó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Ọ̀gá Sítáàṣì rí.

Nínú takisí, Màmá tú gèlè, ó tutọ́ sí etí rẹ̀, ó fẹ́ nù mí lójú. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Sítáàṣì gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń sán bí ọ̀dà ògiri. Láti géètì ọsibítù dé yàrá ẹ̀rọ, gbogbo ẹni tá a pàdé ni Màmá ń ṣàlàyé fún pé báyìí kọ́ lòun ṣe ń tọ́jú ọmọ.

Àǹtí Lydia lẹ wáyà mọ́ mi. Pépà jáde. Kì í ṣe àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ kíláàsì mọ́, ọjà tó gbiná ni. Igba ó lé méjìlá ní ìṣẹ́jú kan. Dókítà Bírò sáré wọlé láìmú bírò. Ó wò ó títí. Ó ní, "Mo rí i."

Mo rí i. Láti oṣù Kejì ni mo ti ń pariwo, èyí tí mo rí gbà nìyẹn.

Ó wá ní kí wọ́n bu omi tútù sínú abọ́, kí n sé èémí, kí n ki ojú bọ̀ ọ́. Lójú gbogbo wọn, ìlà náà tò. Ó ṣàlàyé pé omi tútù lójú máa ń jí iṣan kan tó ń fa ìjánu ọkàn. Màmá gbé àgbọ̀n sókè. "Ṣé ẹ gbọ́, Dókítà. Èmi ni mo ti ń wò ó látọjọ́ yìí." Gbogbo Sábó ló máa gbọ́ èyí kó tó di ọ̀la. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wá, òun ló kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí.

Kò tíì parí. Pépà ti wà, àmọ́ Dókítà ní ìwé pélébé mi ti bàjẹ́, àwọn ti òkè òkun ò sì ní gba ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀. Ó bi mí bóyá mo kọ òótọ́ síbì kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha sítáàṣì ọwọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n Túbọ̀sún, ọ̀dàlẹ̀, ní ìwé kan wà tí mo máa ń tọ́jú sínú páálí sítáàṣì.

Dókítà ní kí n mú un wá lọ́la kó tó di ọ̀sán. Mo ní màá dà á kọ fún wọn. Ó ní, "Àdàkọ kọ́. Èyí gan-an."

Ọjọ́ Ẹtì, 26

Orí bẹ́ǹṣì ni mo wà. Ìwọ, ìwé yìí, lo wà lórí itan mi.

Wọ́n máa ka Dókítà Bírò. Wọ́n máa ka Ọ̀gá Sítáàṣì, Àǹtí Lydia á sì sọ fún Màmá. Láàárọ̀, mo ti di ojú ìwé ọjọ́ 12 mú, mo fẹ́ fà á ya. Àmọ́ ìwé tí wọ́n ti fa ojú kan ya, ta ló máa gba ìyókù gbọ́? Mo fi sílẹ̀. Kí Dókítà kà á, kí bírò rẹ̀ máa dún. Ìgbà tó pè mí lópùrọ́ ńkọ́?

Mo wá dé ọjọ́ 5.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Kì í ṣe mọ́kànlá. Mo wo aago pálọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo wò ó nígbà tó tán, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mẹ́sàn-án ni. Kò sí dókítà níbẹ̀, kò sẹ́ni tí mò ń ta bàtà fún. Ìwọ nìkan ni. Inú tún bí mi, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mi ò rí ẹlòmíì tí màá bí i sí.

Mi ò pa á rẹ́. Mo fa ìlà kan ṣoṣo lé e, wọ́n ṣì lè kà á. Mo kọ mẹ́sàn-án sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Àǹtí Lydia ti yọ jáde, ó ń pe Sẹ̀gilọlá, ó ń na ọwọ́.

Mẹ́sàn-án. Kí wọ́n mú mi lórí mẹ́sàn-án, tàbí kí wọ́n fi mí sílẹ̀ lórí mẹ́sàn-án.