Ikọ́ Yín Lẹ́nu Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Mo tún lá àlá ilé wa ní Iléṣà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn títí, kò lópin, ẹ sì ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun rẹ̀, ẹ ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti máa ń ṣe. Mi ò rí ojú yín. Ikọ́ yín nìkan ni mò ń gbọ́.

Ẹ forí jì mí. Nígbà ayé yín, tí ẹ wà lọ́dọ̀ mi ní Fourways nílùú òkèèrè níbí, ikọ́ yẹn ni mo torí rẹ̀ gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ ò lè wọ pálọ̀ láìwúkọ́. Dókítà yẹ àyà yín wò títí, kò rí nǹkan kan. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ ò bá mi jiyàn. Mo ti gbàgbé pátápátá pé nínú agbo ilé wa, ọkùnrin kì í yọ sí ẹ̀yìnkùlé láìwúkọ́, torí obìnrin lè máa wẹ̀, tọkọtaya lè máa jà. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ayàwòrán ilé!

Mo fún yín ní yàrá tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, nínú ọgbà olódi gíga. Mo rò pé ọlá ni. Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń lọ jókòó ti gáàdì ẹnu géètì láràárọ̀? Ṣé ẹni tí ẹ máa wúkọ́ fún lẹ̀ ń wá?

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi ló rán mi létí. Ilé àtijọ́ kan ni ní Turffontein, ìdílé mẹ́jọ ni yóò máa gbé ibẹ̀, tí wọ́n á jọ máa lo ilé ìdáná kan. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, mo jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀kùn dojú kọ ilé ìdáná náà, kí wọ́n lè máa rí ara wọn. Mo wá ń yan fanda kiri. Wọ́n kọ̀ ọ́. Màmá Thandi, ìyá àgbà tó ń ṣojú wọn, mí kanlẹ̀, ó ní eish, ó bi mí bóyá gbogbo ayé ló máa máa rí òun nínú aṣọ ìwọ̀sùn. Onílé fún mi láàyè ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá tún kọ̀, á fi ògiri pín gbogbo rẹ̀, kálukú á wà lọ́tọ̀ bí ẹ ṣe wà lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìgbà yẹn ni àlá yẹn bẹ̀rẹ̀. Mo bá jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ilé ìdáná, kí wọ́n lè máa gbọ́ èèyàn kí wọ́n tó rí i. Wọ́n gbà á, Bàbá! Wọ́n ti kó wọlé.

Mo lọ kí wọn lọ́sàn-án òní. Oòrùn rọra tàn sí ilẹ̀, pápù, oúnjẹ àgbàdo wọn, ń hó lórí iná. Bí mo ṣe dé ibi tó yà, mi ò mọ ìgbà tí mo wúkọ́. Ẹnì kan nínú ilé ìdáná wúkọ́ padà.

Mo mọ̀ pé Màmá Thandi ni. Síbẹ̀ mo dúró, mi ò tíì yà, torí níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì rí ojú ẹni náà, ó ṣì lè jẹ́ ẹ̀yin.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ikọ́ yín ti wá yé.