Maṣíìnì Tí Mo Fi Kéèkì Ṣe

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìjókòó ìdí maṣíìnì. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ẹgbẹ́dá. Màámi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Dúpẹ́ àbúrò mi, mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí, torí o ti sọ fún mi pé ojú wọn kì í rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Rọra kà á, má fo ibì kankan.

Dúpẹ́ tún sọ pé ẹ fẹ́ gbé maṣíìnì yín fún ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ọdún tó parí, nítorí kò sí èyí tó fẹ́ jókòó tì í nínú àwa ọmọ. Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Ìkéré, ẹ ní iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń jẹ tán lọ́jọ́ kan kì í ṣe iṣẹ́. Mo gbé báàgì mi, mo jáde. Ó di ọdún kẹta báyìí tí mo ti ń po ìyẹ̀fun tí mo sì ń fọ abọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, obìnrin tó ń ṣe kéèkì ládùúgbò wa. Yàrá kan ni mo ń gbé. Àwọn ará ilé ń kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan wá láti Ìkọ̀tún. Ìyá rẹ̀ ń pé àádọ́rin ọdún, télọ̀ ni ìyá náà, oníbàárà náà sì fẹ́ kéèkì tó máa dà bíi maṣíìnì gan-an, tó máa dúró lórí tábìlì. A ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ọ̀gá fẹ́ kọ̀ ọ́, èmi ni mo ní mo lè ṣe é, pé ìdí maṣíìnì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ọ̀gá ní ó dáa, ṣùgbọ́n bó bá bàjẹ́, abọ́ fífọ̀ ni màá fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n fẹ́ fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù. Mo ní kò pọn dandan, mo mọ̀ ọ́n lórí.

Mo yan kéèkì mẹ́rin, mo tò wọ́n lé ara wọn, mo sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, àfi ìgbà tí káfíńtà iwájú wa fún mi ní igi tí mo fi gbé e dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ́ ṣúgà dúdú tí a ti pò pẹrẹsẹ bí aṣọ, kí n lè fi bò ó. Mo fi téèpù wọn kéèkì náà kí n tó gé ṣúgà, mo sì fi etí díẹ̀ lé e bí ẹ ṣe máa ń fi sílẹ̀ lára aṣọ. Oòrùn mú, iná lọ, ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Páálí ni mo fi ń fẹ́ ẹ títí tó fi gbẹ.

Nígbà tí a gbé e dé Ìkọ̀tún, gbogbo ilé pariwo. Ìyá ọlọ́jọ́ ìbí fa àga sí ẹ̀gbẹ́ tí mo kọ orúkọ wọn sí, wọ́n jókòó bíi pé wọ́n fẹ́ ránṣọ. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún kí wọ́n yí wíìlì. Kò sí wíìlì níbẹ̀. Apá òsì ni mo fi í sí. Wọ́n bi mí pé ta ló máa rán aṣọ nídìí eléyìí jàre? Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ò rẹ́rìn-ín. Ojú gbà mí tì.

Ìyá náà wá béèrè ta ni télọ̀ nínú àwọn òbí mi. Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọmọ télọ̀ ló máa ń rí maṣíìnì báyìí. Iwájú ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo ojú òbí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ tàwọn náà, bí wọ́n bá ya maṣíìnì sínú ìwé, apá òsì ni wíìlì máa ń wà. Wọ́n kọ́kọ́ gé wíìlì náà, wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n jẹ ẹ́.

Bàbá mi, òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó lórí àpótí iwájú yín, tí mo ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, n kò dé apá ibi tí ẹ jókòó sí rí. Ẹ pè mí síbẹ̀, mo ní mò ń bọ̀.

Wọ́n jẹ kéèkì náà tán lọ́jọ́ yẹn, bí ẹ ṣe wí. Ọ̀gá kò dá mi padà sídìí abọ́; kéèkì tó dà bíi bàtà ni wọ́n ní kí n ṣe tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀, ẹ má tíì gbé maṣíìnì náà fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀ wálé. N kò ṣèlérí pé màá di télọ̀. Mo kàn fẹ́ gbé àpótí yẹn wá sí ẹ̀gbẹ́ yín, kí n máa bá yín fi òwú sójú abẹ́rẹ́, kí n sì wo ibi tí wíìlì wà.

Ọlọ́run á dá ojú yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn tó ń kó aṣọ wá.

Èmi ni ọmọ yín tó jókòó síwájú yín,
Àbẹ̀kẹ́.