Gbólóhùn Tí Rana Kò Sọ

Tehran,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Mehr.

Golnush, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá ẹ̀mí mi sí di òwúrọ̀ yìí, tí ó sì fún ìka mi lágbára láti di kálàmù mú ní ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ìwọ, bàbá rẹ àti ọmọbìnrin rẹ ní àlàáfíà ní Shiraz, kí ikọ́ bàbá rẹ sì ti rọlẹ̀. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò mọ́, ohun tí mo sì fẹ́ kọ kò dùn ún kọ.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, Behrang, ẹni tí ó náwó sí fíìmù rẹ, fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ọ̀fun ń dùn ọ́, o kò lè sọ̀rọ̀, ó sì ku gbólóhùn kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ kò dára. Ó ní ìwọ fúnra rẹ ni o dárúkọ mi. Inú mi dùn bí inú ọmọdé. O mọ̀ pé ogójì ọdún ni mo fi fi ohùn mi sí ẹnu àwọn òṣèrébìnrin ilẹ̀ òkèèrè kí àwọn ará ilẹ̀ wa lè gbọ́ wọn yé. Ọ̀dọ̀ mi náà ni ìyá rẹ, ọ̀rẹ́ mi tí ó ti lọ, fi ọ́ sí kí n kọ́ ọ bí a ti ń mí kí a tó sọ̀rọ̀. Ohùn mi ni o kọ́, òun ni o sì mú dàgbà. Lẹ́yìn mi, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè sọ̀rọ̀ bí ìwọ.

Mo bi Behrang bóyá o fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba. Ó ní, “Màmá, Golnush ní kí n bá òun fẹnu ko ọwọ́ yín. Ó ní òun á kú dípò yín.” Ìwọ náà mọ àṣà ilẹ̀ wa: bí ènìyàn bá ti da irú ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ lára, àfojúdi ni kí o tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. N kò bi í. Mo mu tíì rẹ̀, mo sì wọ yàrá ohùn.

Ẹ̀yìn obìnrin kan ni wọ́n fi hàn mí nínú fíìmù náà, aṣọ dúdú bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kan. Ohun tí wọ́n kọ sí ìwé fún mi ni pé, “Dárí jì mí. Mo ti padà wálé.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Nígbà kẹta mo fi ẹkún díẹ̀ sí i ní ìparí, gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí Behrang jáde lọ gba ìpè, Kiumars tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn sún mọ́ mi. Ó ní, “Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe yẹn?” Mo ní ìyàwó tí ó ń bẹ ọkọ rẹ̀ ni. Ó ní, “Rana tí Golnush ṣe nínú fíìmù yìí ò bẹ ẹnì kankan o. Agbẹ̀bí ni, ọkọ ẹ̀ sì fọwọ́ síwèé pé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Nínú èyí tí Golnush ṣe, ó di ẹrù ẹ̀, ó ní, ‘Mi ò níí padà,’ ó sì lọ. Àwọn tó ń fún wa níwèé àṣẹ ní àfi kó padà. Wọ́n ní kí Golnush wá tún un ṣe, ó kọ̀. Ni wọ́n bá wọ aṣọ fún ẹlòmíì. Ẹ̀yìn ẹlòmíì, ohùn tiyín, orúkọ Golnush.”

Mo ti rí púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Mo ti rí obìnrin tí ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀ pẹ̀lú ìborí. Mo ti rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti ojú ogun dé, tí ó dúró bí òpó nítorí pé òfin kò jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ọkùnrin lójú kámẹ́rà. Mo gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Mo ní kí wọ́n bo orí wa, bí ẹnu bá ṣáà ti jẹ́ tiwa. Wàyí o, ẹnu ni wọ́n jí, èmi ni wọ́n sì rán.

Behrang wọlé padà, ó ń jẹ kóró bàrà, ó ń tu èèpo rẹ̀ sínú àwo tíì. Mo ní kí ó pa ohùn mi rẹ́.

Ó ní, “Ẹ rọra, Màmá mi. Obìnrin tó padà sílé ọkọ ẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn nínú Bíbélì yín?”

Mo ní, “Irọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo bá níbẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ogójì ọdún lẹ fi parọ́ fún wa. Ẹ ṣe ayaba, ẹ ṣe aṣẹ́wó, a ò bi yín. Òní lẹ wá di wòlíì? Tí Rana ò bá padà, fíìmù ò ní jáde. Iṣẹ́ ọdún méjì ọmọ yẹn náà á ṣègbé.”

Mo ní, “Gbogbo àwọn òṣèrébìnrin yẹn ló ti fẹnu ara wọn sọ tiwọn kí n tó sọ tèmi.”

Ó tu èèpo mìíràn. “Ó ti lọ, Màmá. Wọ́n ti gbé ohùn yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ.”

Mo délé, mo fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, bí ẹni tí ó jẹ ohun tí ó ti rà. Ìtọ́wò náà kò lọ. Láti ọjọ́ náà n kò lè ka Sáàmù sókè. Behrang ń rí mi lára, àwọn tí ó rán an ń rí mi lára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rí mi lára jù ni arúgbó tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, tí ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn arábìnrin tí wọ́n kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n ní Jolfa, àdúgbò àwa Kristẹni ní Isfahan, kì bá tí mọ̀ mí.

Nítorí náà mo fi ìwé kejì sínú àpò lẹ́tà yìí. Mo kọ ọ́ ní ọwọ́ ara mi, mo sì fọwọ́ sí i. Ó sọ pé èmi ni mo sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, pé ìwọ kọ́, àti pé Rana kò padà. Bí o bá fi han ayé, wọn yóò gba ìwé iṣẹ́ mi, mo sì ti múra sílẹ̀. Wọ́n lè gba tìrẹ náà, èyí sì ni kò jẹ́ kí n fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn fúnra mi. Bí o bá sun ún nítorí ọmọ rẹ, n kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kan títí n ó fi kú. Mo ti gba ẹnu rẹ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìbi ọ́. N kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Dárí jì mí, bí o bá lè ṣe é.

Èmi ni ìyá rẹ nínú iṣẹ́, tí ó sì fẹ́ràn rẹ,
Varsenik.

Àkíyèsí: Behrang fi páálí gaz kan, àdídùn ìlú Isfahan, ránṣẹ́ sí mi lánàá, ó dì í dáadáa, ó sì kọ ìdúpẹ́ sí i lára. Mo dá a padà fún awakọ̀ rẹ̀ láìtú u. Ó ṣeé ṣe kí ó fi ránṣẹ́ sí ìwọ náà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ohun tí ó dùn lẹ́nu tí ó korò nínú wọ ilé rẹ. Kí Ó wo bàbá rẹ sàn, kí Ó dá ọmọbìnrin rẹ sí, kí gbogbo ẹni tí ó ń sùn lábẹ́ òrùlé rẹ sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àmín.